Fáàfù àti sípíkà ohm kékeré: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Iṣẹ́ títún áńpílífáyà onífáàfù ṣe ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, àwọn ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá bá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni fáàfù, kí ló sì dé tí òun àti sípíkà ohm kékeré kì í fi í tètè bára mu?

Fáàfù ni gíláàsì tó jọ gílóòbù, tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná nínú àwọn asọ̀rọ̀mágbèsì onígi àtijọ́. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Filaméńtì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń pọ́n, á mú irin tí wọ́n ń pè ní káàtóòdù gbóná, káàtóòdù á máa tú ẹlẹ́kítíróònù (àwọn èérún iná) jáde, pléètì tí iná gíga wà lórí rẹ̀ á máa fà wọ́n mọ́ra. Gíríìdì tó wà láàárín ni aṣọ́bodè: òun ló ń pinnu iye tó máa kọjá.

Iná fáàfù ga (fọ́ltì rẹ̀ pọ̀), àmọ́ kò pọ̀ (kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀, tí a ń fi áńpù wọ̀n, kéré). Ẹ wo áńpílífáyà Dynaco Stereo 70 tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1959, tí wọ́n fi fáàfù EL34 mẹ́rin ṣe. Fọ́ltì tó wà lórí pléètì rẹ̀ lé ní 400, àmọ́ nígbà tí orin kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi mílíáńpù 50 péré ló ń gba inú fáàfù kọ̀ọ̀kan kọjá, ìdá kan nínú ogún áńpù. Sípíkà ní tirẹ̀ kò fẹ́ fọ́ltì gíga. Kí sípíkà 4 ohm tó lè jẹ wáàtì 35, nǹkan bíi fọ́ltì 12 ló fẹ́, ṣùgbọ́n áńpù 3 ni yóò mu. Tìránsísítọ̀, ohun kékeré tó rọ́pò fáàfù nínú ọ̀pọ̀ áńpílífáyà òde òní, lè tú áńpù bẹ́ẹ̀ jáde tààrà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ohm kì í fi í ká àwọn tó ń lò ó lára tó báyìí.

Kí ni ìtumọ̀ "4 ohm" tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà?

Ohm ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà. Bí ohm bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń rí ọ̀nà gbà tó, tí áńpílífáyà sì gbọ́dọ̀ pèsè kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ sí i.

Ẹ má ṣe rò pé sípíkà 4 ohm máa ń jẹ́ 4 ohm nígbà gbogbo. Orúkọ lásán ni wọ́n fún un. Bí ohùn bá ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ ni ohm náà ń yí padà: ó lè fò dé 20 tàbí 30 níbi tí báàsì ti ń mi kóònù (ojú sípíkà tó ń mì) jù, kó já wálẹ̀ sí 3 níbi tí ohùn ọkùnrin wà, kó tún gòkè nídìí kírọ́sófà, ohun tó ń pín ohùn láàárín sípíkà báàsì àti ti tírẹ́búlù. Ìlànà àgbáyé IEC 60268-5 sọ pé ibi tó bá lọ sílẹ̀ jù kò gbọdọ̀ kéré ju ìdá 80 nínú 100 iye tí wọ́n kọ: 3.2 fún sípíkà 4 ohm, 6.4 fún ti 8 ohm. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń pa á mọ́. Mo ti wọn sípíkà "8 ohm" tó ń já sí 3.5. Bí ẹ bá rí àwòrán ìlà ohm sípíkà yín, ibi tó rì sí jù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ṣé mítà lè sọ ohm sípíkà mi fún mi?

Ó lè júwe rẹ̀, kò lè sọ ọ́ tán, torí iná bátìrì ni mítà fi ń wọn nǹkan, orin kì í sì í ṣe iná bátìrì. Ẹ yọ wáyà sípíkà kúrò lára áńpílífáyà, ẹ gbé mítà sí ohm, ẹ fi kan ẹnu sípíkà méjèèjì. Bí ẹ bá rí nǹkan láàárín 3 sí 3.6, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sípíkà 4 ohm. Láàárín 5.5 sí 7, ti 8 ohm ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu mítà kan ara wọn, kí ẹ yọ iye tó bá fi hàn kúrò: mítà olówó pọ́ọ́kú lè fi 0.5 kún un, 0.5 sì pọ̀ nínú 3.

Iṣẹ́ wo ni tíránsífọ́mà tó wúwo lára áńpílífáyà onífáàfù ń ṣe?

Òun ni alárenà láàárín fáàfù àti sípíkà. Ó ń gba fọ́ltì púpọ̀ pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ lọ́wọ́ fáàfù, ó ń fún sípíkà ní fọ́ltì díẹ̀ pẹ̀lú kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀. Ẹ wo ọ̀kadà tó gbé èrò méjì, tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá: ẹni tó ń gùn ún á bọ́ sí jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì á máa sáré, táyà á máa yí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára á dé ilẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ẹ fi ìyípo wáyà apá sípíkà pín ìyípo wáyà apá fáàfù, kí ẹ sọ èsì náà di ìlọ́po ara rẹ̀. Iye ìgbà tí ohm sípíkà fi ń pọ̀ sí i lójú fáàfù nìyẹn. Tíránsífọ́mà A-470 tó wà nínú Stereo 70, 4,300 ohm ni wọ́n fẹ́ kí fáàfù méjèèjì tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan rí. Fún ẹnu 4 ohm (ẹnu ni ibi tí a ń so wáyà sípíkà mọ́ lẹ́yìn áńpílífáyà), ìyípo bíi 33 sí 1 ni: 33 lọ́nà 33 jẹ́ 1,089, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sì sún mọ́ 4,300. Fún ẹnu 8 ohm, bíi 23 sí 1 ni.

Fáàfù kò mọ sípíkà yín rí. Ohun tí tíránsífọ́mà bá fi hàn án ló mọ̀, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹni tó bá ti di èyí mú, ìdajì àwọn ìbéèrè tó kù á dáhùn ara wọn.

Ẹnu 4, ẹnu 8 àti ẹnu 16: èwo ni kí n ki wáyà sí?

Sípíkà 4 ohm, ẹnu 4. Sípíkà 8 ohm, ẹnu 8. Wáyà kejì máa ń lọ sí ẹnu tí wọ́n kọ 0 tàbí C sí. Sípíkà 6 ohm kì í sábà ní ẹnu tirẹ̀: ẹ kọ́kọ́ ki í sí 4, ẹ gbọ́ orin tí ẹ mọ̀ dunjú, ẹ pa áńpílífáyà, ẹ gbé e sí 8, kí ẹ tún gbọ́. Èyí tí báàsì rẹ̀ bá jọ ti ìlù gidi ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Bí orúkọ sípíkà bá jẹ́ 8, àmọ́ tí ìlà rẹ̀ ń rì sí 3.5 láàárín báàsì àti ohùn ènìyàn, ojú 4 ohm ni kí ẹ fi wò ó, nítorí ibẹ̀ ni orin ti ń jẹ agbára jù. Ẹ má sì ṣe pààrọ̀ ẹnu nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀.

Mo ti ki sípíkà 4 ohm sí ẹnu 8. Ṣé fáàfù máa jó?

Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fáàfù tó yẹ kó rí 4,300 ohm ń rí nǹkan bíi 2,150. Kọ́rẹ́ǹtì tí kò ní ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn á tètè fọ́ bí ẹ bá yí i sókè, wáàtì á dín kù, agbára tó yẹ kó di orin á di ooru lórí pléètì.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ pa iná yàrá, ẹ wo fáàfù nígbà tí orin bá ń ròkè. Filaméńtì tó ń pọ́n láàárín kò burú, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ búlúù tó ń ṣeré lára gíláàsì. Ṣùgbọ́n bí pléètì fúnra rẹ̀, páànù aláwọ̀ eérú tó yí ohun gbogbo ká nínú fáàfù, bá bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ẹ pa á kíá.

Ẹni tó ń gbọ́ orin jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀ lè lò ó báyìí títí kó má rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ń fi ṣe àríyá lóòrèkóòrè á máa ra fáàfù ṣáá.

Ìdàkejì rẹ̀ ńkọ́: sípíkà 8 ohm sí ẹnu 4?

Èyí kò léwu fún áńpílífáyà inú ilé, àwọn kan sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èmi náà wà lára wọn. Fáàfù á rí bíi 8,600 ohm, ara á tù ú. Wáàtì á dín kù, ṣùgbọ́n báàsì á le, ohùn á mọ́. Áńpílífáyà gìtá tí wọ́n ń tì dé òpin kí ohùn rẹ̀ lè ha ni kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún, torí fọ́ltì inú tíránsífọ́mà lè fò kọjá ohun tí wáyà rẹ̀ lè gbà.

Ṣé òótọ́ ni pé áńpílífáyà onífáàfù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí sípíkà lára rẹ̀?

Òótọ́ ni, ó sì burú ju ohm kékeré lọ fíìfíì. Bí sípíkà kò bá sí níbẹ̀, agbára inú tíránsífọ́mà kò rí ibi lọ. Fọ́ltì á fò sókè, á wá ọ̀nà àbáyọ gba inú wáyà tàbí ìdí fáàfù. Lára EL34, ẹsẹ̀ kẹta ni pléètì, ẹsẹ̀ kejì ni filaméńtì. Wọ́n sún mọ́ra, láàárín wọn ni iná sì sábà máa ń fò.

Wọ́n gbé áńpílífáyà kan wá bá mi láti òde àríyá. Ẹnìkan ló fẹsẹ̀ kọ wáyà sípíkà, wáyà já, ẹni tó ń ta gìtá kò gbọ́ ohùn, ó bá yí i sókè sí i. Nígbà tí mo tú u, mo rí ìlà dúdú kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí fọ́nrán irun, láti ẹsẹ̀ kẹta dé ẹsẹ̀ kejì ní ojú ìdí fáàfù. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí tí kò fi sí mọ́ lójú, mo nù ún mọ́, mo tan iná. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó tún fò lójú kan náà. Èédú náà ti wọnú ìdí fáàfù, ó ti di títì fún iná. Àṣìṣe mi ni pé mo họ ọ́. Ṣe ló yẹ kí n pààrọ̀ gbogbo ìdí náà lẹ́ẹ̀kan, bí mo ṣe padà ṣe é nìyẹn. Orí yọ tíránsífọ́mà.

Fender, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá àti áńpílífáyà, ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ihò tí a ń ki wáyà sípíkà sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ áńpílífáyà wọn máa ń pa ẹnu méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀ tí a bá ti fa wáyà yọ. Fún fáàfù, kí ẹnu méjèèjì kan ara wọn fún ìgbà díẹ̀ sàn ju kó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìdàkejì gbáà ni ti tìránsísítọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe gbé àṣà ọ̀kan lọ sórí èkejì.

Mo fẹ́ so sípíkà méjì mọ́ ẹnu kan. Ohm mélòó ló máa jẹ́?

Bí ẹ bá so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, 8 méjì á di 4. Bí ẹ bá so wọ́n tẹ̀ léra, dúdú ti ọ̀kan sí pupa ti èkejì, 8 méjì á di 16. Kìkì sípíkà méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà délẹ̀ ni kí ẹ so tẹ̀ léra. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ìlà ohm ọ̀kan á máa da ohùn èkejì rú.

Fender Bassman ti 1959 ní sípíkà 8 ohm mẹ́rin tí wọ́n so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 2 ohm. Kò sí wàhálà kankan, torí wọ́n ṣe tíránsífọ́mà rẹ̀ fún 2 ohm láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń tọ́ka sí i fún àwọn tó bá sọ pé fáàfù kò lè ti ohm kékeré.

Ṣé mo lè fi rẹ̀sísítọ̀ 4 ohm kún sípíkà 4 ohm kó lè di 8?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Rẹ̀sísítọ̀ náà, ohun tó kàn ń dí iná lọ́nà, á jẹ ìdajì wáàtì yín, á sọ ọ́ di ooru. Áńpílífáyà wáàtì 30 á di ti 15. Ohm rẹ̀ á tún dúró sáàárín áńpílífáyà àti sípíkà, báàsì á sì máa ṣe bó ṣe wù ú.

Sípíkà mi jẹ́ 4 ohm, wọ́n kọ 90 dB sí i. Ṣé áńpílífáyà wáàtì 30 tó o?

dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún sókè tó. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ 90 dB náà. Bó bá jẹ́ "90 dB/2.83 V", ẹ dúró ná. Fọ́ltì 2.83 jẹ́ wáàtì 1 lára sípíkà 8 ohm, ṣùgbọ́n wáàtì 2 ni lára ti 4 ohm. Ìyẹn ni pé wáàtì méjì ló gbé 90 dB jáde. Wáàtì kan á gbé 87. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní tìránsísítọ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń ṣe láǹfààní. Wáàtì fáàfù kì í di ìlọ́po méjì nítorí pé ohm di ìdajì: bó bá jẹ́ 30 ní ẹnu 8, 30 náà ni ní ẹnu 4.

Pẹ̀lú 87 dB àti wáàtì 30, ohùn á dé nǹkan bíi 102 dB ní mítà kan síwájú sípíkà kó tó máa fọ́. Ìyẹn tó fún pálọ̀, kò tó fún gbọ̀ngàn tí èèyàn 50 ti ń jó. Kí ohùn tó lè fi 10 dB gòkè, wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Owó tí ẹ fẹ́ fi kúrò ní wáàtì 30 bọ́ sí 60, 3 dB péré ló máa rà fún yín. Èmi á kúkú fi owó náà wá sípíkà tí ohùn rẹ̀ ń tètè jáde.

Irú wáyà wo ló dára fún sípíkà ohm kékeré?

Èyí tó nípọn tó sì kúrú. Wáyà bàbà 2.5 mm² tí àwọn oníná ń fi ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, bí sípíkà bá jìnnà ní mítà 5, tí a ka àlọ àti àbọ̀, nǹkan bíi 0.07 ohm ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ 0.5 mm² lójú ọ̀nà kan náà jẹ́ 0.34. Lára 8 ohm, 0.34 kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, àmọ́ lára sípíkà tó ń rì sí 3, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà náà: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni.

Wọ́n fi áńpílífáyà ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Ṣé mo lè tàn án nílé?

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Amẹ́ríkà ń lo fọ́ltì 120 ní 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Nàìjíríà ń lo 230 ní 50 Hz. Bó bá jẹ́ 120 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ ra tíránsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120, kí wáàtì rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí áńpílífáyà ń jẹ. Tíránsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 Hz á tún máa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí 50 Hz, nítorí náà ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráàyè gba ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ohm kékeré gan-an. Nígbà tí iná bá ń ṣe bàìbàì, tí 230 ti di 180, fọ́ltì pléètì náà ń rẹlẹ̀, filaméńtì kò gbóná tó, sípíkà 4 ohm ni yóò sì kọ́kọ́ fi hàn: báàsì á rọ, ohùn á tètè fọ́. Ọ̀pọ̀ ti gbé áńpílífáyà tí kò ní àrùn kankan wá fún mi ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sítábíláísà sí i. Bó bá jẹ́ íńfátà lẹ ń lò, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí; ìyókù á máa kùn nínú sípíkà, wọ́n á sì máa mú tíránsífọ́mà gbóná.

Báàsì mi wú, kò dúró lójú kan. Ṣé bí ohùn fáàfù ṣe rí nìyẹn?

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ gbólóhùn yìí. Kì í ṣe ohùn fáàfù. Àìbáramu ni.

Kóònù sípíkà ni ẹṣin, áńpílífáyà ni ẹni tó di ìjánu mú. Bí ìlù bá dún tán, kóònù ṣì fẹ́ máa mì, kọ́ìlì rẹ̀ á sì máa pa iná padà sínú áńpílífáyà. Bí ohm inú áńpílífáyà fúnra rẹ̀ bá kéré, ìjánu le. Bó bá pọ̀, ìjánu tú. Ẹ fi ohm inú áńpílífáyà pín ohm sípíkà: iye tó jáde ni ìwé ń pè ní damping factor. Ti tìránsísítọ̀ lè ju 100 lọ. Ti fáàfù sábà máa ń wà láàárín 2 sí 20. Fáàfù 300B tí Western Electric gbé jáde ní 1938 ní nǹkan bíi 700 ohm nínú. Lórí tíránsífọ́mà 3,000 ohm, ìyẹn á di bíi 1.9 ohm ní ẹnu 8, tàbí 0.9 ní ẹnu 4, ká tó ka ti wáyà tíránsífọ́mà fúnra rẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ká ní ohm inú áńpílífáyà jẹ́ 2, tí ohm sípíkà sì ń lọ láti 3 dé 20. Níbi 20, sípíkà ń rí ìdá 91 nínú 100 fọ́ltì gbà; níbi 3, ìdá 60 péré. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní 3.5 dB, ọmọdé á gbọ́ ọ. Ibi tí ohm ti ga, ìyẹn ìsàlẹ̀ báàsì, á wú. Ibi tó ti rì, tí ohùn olórin wà, á sá sẹ́yìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu tó kéré sí i, torí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Bí kò bá tó, áńpílífáyà tó ní fíìdìbáàkì, èyí tó ń dá díẹ̀ nínú ohùn tó jáde padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó lè tún àṣìṣe ṣe, ló yẹ irú sípíkà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe 300B kan ṣoṣo. Tàbí kí ẹ wá sípíkà tí ìlà ohm rẹ̀ tẹ́jú: 4 ohm tó tẹ́jú rọrùn fún fáàfù ju 8 ohm tó ń gun òkè tó ń wọ kòtò lọ.

Áńpílífáyà àtijọ́ tí mo rà kò ní ẹnu 4 ohm rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀pọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Quad II jáde ní 1953 pẹ̀lú fáàfù KT66 àti wáàtì 15, sípíkà 15 ohm ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Kódà sípíkà LS3/5A tí BBC ṣe ní àwọn ọdún 1970 ṣì jẹ́ 15 ohm. Abẹ́ Quad II ni wọ́n ti ń yí ìsopọ̀ láti 15 sí nǹkan bíi 8. Ti 4 kò sí.

Ohun tó dára jù ni autoformer, tíránsífọ́mà oníkọ́ìlì kan tó máa ń jókòó sáàárín áńpílífáyà àti sípíkà, tó sì ń sọ 4 di 8 tàbí 16 lójú áńpílífáyà. Kò dà bíi rẹ̀sísítọ̀; èyí tó bá dára kì í jẹ wáàtì tó ṣeé kà. Ẹ má ṣe gbé tíránsífọ́mà àtijọ́ náà fún ẹni tó ń we wáyà fáànù kó tún un we. Kọ́ìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn ni wọ́n fi síra wọn láàárín ní ìpele ìpele. Ẹni tí kò mọ ètò náà á dá a padà fún yín, á máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tírẹ́búlù á ti lọ.

Áńpílífáyà onífáàfù tí kò ní tíránsífọ́mà, tí wọ́n ń pè ní OTL, ṣé ó lè ti 4 ohm?

Ibi tí fáàfù ti ń fojú rí màbo lọ́wọ́ ohm kékeré nìyí, nítorí kò sí alárenà. Julius Futterman ló sọ irú rẹ̀ di olókìkí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n máa ń lo fáàfù tí kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ pọ̀, bíi 6AS7 àti 6C33C ti Rọ́ṣíà. Síbẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì náà ní òpin: bí ohm bá di ìdajì, wáàtì á di ìdajì. Ẹ fi autoformer sí i, tàbí kí ẹ lò ó fún sípíkà 16 ohm. Philips gba ọ̀nà tó wù mí jù láyé ìgbà yẹn: sípíkà ni wọ́n yí padà, wọ́n ṣe é ní 800 ohm, bíi 9710AM, kí fáàfù lè tì í láìsí tíránsífọ́mà.

Sípíkà electrostatic ńkọ́? Wọ́n ní ohm rẹ̀ ń já sí 1.

Ó ń já bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti ń já. Awọ fẹ́lẹ́ ló ń mì nínú sípíkà yìí dípò kóònù. Lójú iná, kápásítọ̀ (ohun tó ń kó iná pamọ́) ni, ohm kápásítọ̀ sì máa ń dín kù bí ohùn bá ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Quad ESL ti 1957 ń já sí ìsàlẹ̀ 2 ohm ní ìpẹ̀kun tírẹ́búlù; ọ̀pọ̀ MartinLogan ń sún mọ́ 1 ohm ní 20,000 Hz. Agbára tí orin ń lò níbẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà fáàfù kì í fi í kú. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe Quad II àti ESL, wàhálà kò sì sí láàárín wọn. Ẹ lo ẹnu 4, bí ohùn bá ṣì rọ̀ jù, ẹ wá áńpílífáyà tí ohm inú rẹ̀ kéré.

Ṣé mo lè pa ọ̀tún àti òsì áńpílífáyà pọ̀ kó lè ti sípíkà kan tó le?

Bí ìwé rẹ̀ bá gbà á láyè, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà tó dára ni. McIntosh MC275 ti 1961 ní fáàfù KT88 mẹ́rin, wáàtì 75 lọ́tùn-ún, 75 lósì. Bí ẹ bá so ẹnu 4 ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹnu 4 òsì, ó di wáàtì 150 fún sípíkà 2 ohm. Ẹnu 8 méjèèjì pọ̀ di ti 4 ohm, ẹnu 16 méjèèjì di ti 8. Ọ̀pọ̀ ló ń ki sípíkà 4 ohm sí ẹnu 4 lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á pọ̀, tí wọ́n á wá máa sọ pé wáàtì kò pọ̀ sí i.

Ohùn kan náà gbọ́dọ̀ wọlé sí ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n sì ga bákan náà. Kí ẹ tó so ẹnu 8 méjèèjì pọ̀, ẹ so ẹnu 0 méjèèjì, ẹ jẹ́ kí sípíkà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi orin jẹ́jẹ́ sí i, kí ẹ fi mítà wọn fọ́ltì AC láàárín ẹnu 8 ọ̀tún àti ti òsì. Bó bá sún mọ́ 0, wọ́n dọ́gba. Bí kò bá sún mọ́ ọn, ẹ má ṣe so wọ́n, torí ọ̀kan á máa ti iná sínú èkejì.

Sípíkà mi jẹ́ 1 ohm gidi. Ǹjẹ́ ọ̀nà kankan wà?

Irú wọn kò pọ̀. Apogee Scintilla, sípíkà oníríbọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, ló lókìkí jù nínú wọn, ó sì ti pa áńpílífáyà tìránsísítọ̀ púpọ̀.

Ọ̀nà kan wà tó fara sin lára tíránsífọ́mà tó ní ẹnu 4, 8 àti 16. Ìyípo wáyà ẹnu 4 jẹ́ ìdajì ti ẹnu 16. Ti ẹnu 8 jẹ́ ìdá 71 nínú 100 rẹ̀. Láàárín ẹnu 4 àti ẹnu 8, ìdá 21 péré ló wà, ìyẹn sì bá nǹkan bíi 0.7 ohm mu. Láàárín ẹnu 8 àti ẹnu 16, 1.4 ohm ni. Nítorí náà, bí ẹ bá so sípíkà 1 ohm mọ́ ẹnu 8 àti ẹnu 16, tí ẹnu 0 kò ní wáyà sípíkà kankan, fáàfù á rí ohun tí kò jìnnà sí èyí tí wọ́n ṣe é fún.

Ẹ kíyè sí i: kò sí ẹnu sípíkà tó wà ní 0 mọ́. Bí ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì bá kan páànù áńpílífáyà tàbí dúdú ti apá kejì, ẹ ti pa apá kan tíránsífọ́mà pọ̀. Kọ́rẹ́ǹtì wáàtì 35 lára 1 ohm sún mọ́ áńpù 6, ìdá kékeré yẹn nínú kọ́ìlì ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ fọwọ́ kan tíránsífọ́mà lẹ́yìn wákàtí kan; bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, ẹ jáwọ́. Wáyà sípíkà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà kan lọ. Ẹ gbé áńpílífáyà lọ sẹ́yìn sípíkà, kó jẹ́ pé wáyà tó ń gbé ohùn wọlé ló máa gùn.